Ìṣẹ́tí Tí A Kò Tú

Ínṣì mẹ́rin ni ìyá mi ní kí aránṣọ ṣẹ́ sí etí yunifọ́ọ̀mù tí mo kọ́kọ́ wọ̀ lọ sí iléèwé girama. "Ẹ ṣẹ́ ẹ sókè dáadáa," ni wọ́n wí, "ọdún márùn-ún ló máa lò ó." Bí mo bá ti ń ga, wọn á máa tú u díẹ̀díẹ̀. Ọdún 1975 nìyẹn. Nígbà tí mo bọ́ aṣọ náà kọ́ lọ́dún 1978, ínṣì méjì ṣì wà nínú ìṣẹ́tí rẹ̀ tí a kò tíì tú. Kíláàsì kẹta ni mo wà.

Láti ìgbà náà, aṣọ iléèwé ọmọ ẹlòmíràn ni mò ń rán. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Ọjà Tìmì ní Ẹdẹ. Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ ní àdúgbò wa láàárín ogójì ọdún sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí tépù mi ti kan ìbàdí ọmọ rẹ̀ rí. Nítorí náà, bí àwọn oníbàárà bá ń jiyàn lórí ohun tó ń gbẹ̀yìn ẹni tó fi iléèwé sílẹ̀ láì parí, mo máa ń gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀ kí n lè gbọ́ wọn dáadáa. Ẹnìkan á ní ayé onítọ̀hún ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹlòmíràn á dárúkọ olówó kan tí kò kàwé. Kì í pẹ́ tí wọn á fi bi mí pé, "Ìyá, kí lẹ rí sí i?" Ohun tí mo rí sí i gùn ju ohun tí a lè sọ lórí ìdúró lọ, torí pé ìtàn ìlú wà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni Ẹdẹ fi ń kọ́ ọmọ nígbà tèmi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀. Ilé kéú ní wòlímọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ní fírídọ́ọ̀mù. Iléèwé ní ìwé ẹ̀rí. Mo bẹ̀rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan ṣoṣo ni n kò parí, òun náà sì ni wọ́n ń bi mí léèrè títí di òní.

Ilé kéú ló ṣáájú. Ìlú Ṣàngó ni Ẹdẹ, ìlú Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-Iná tó ń ta ọfà oníná, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti pẹ́ níbẹ̀. Tìmì Àbíbù Lágùnjú, tó jọba ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni wọ́n ń pè ní ọba Mùsùlùmí àkọ́kọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ní agboolé wa, kí ọmọ tó mọ ABD ni yóò ti mọ álífù. Orí wàláà ni Ààfáà ti ń kọ ọ́ fún wa pẹ̀lú tàdáwà. Tí o bá há a sórí tán, wọn á fọ wàláà náà mọ́, wọn á tún kọ òmíràn sí i. Gbogbo ọjọ́ Àlàrùbá la máa ń mú owó díẹ̀ dání. Ẹni tí kò bá rí owó Àlàrùbá mú wá, kó ru igi ìdáná wá, tàbí kó bá Ààfáà lọ sóko lọ́jọ́ ìsinmi. N kò rí ọmọ kan rí tí Ààfáà wa lé lọ sílé nítorí owó. Wọ́n á nà ọ́ o! Pàṣán wọn kò mọ ọmọ ọlọ́rọ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹní náà kò kúrò nílẹ̀, àyè rẹ sì wà lórí ẹní.

Ọ̀pọ̀ ló ń fi ilé kéú sílẹ̀ ní agbedeméjì. Èmi náà fi í sílẹ̀ nígbà tí mo wọ girama. Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ mi kẹta ni mo padà lọ bá Ààfáà mìíràn, tí mo jókòó láàárín àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, tí mo sì ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ bíi tiwọn. Kò sí ẹni tó bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí, kò sì sí fọ́ọ̀mù tí mo kọ. Nígbà tí mo parí, a se ìrẹsì, a ṣe sàárà, àwọn ọmọ mi sì ń wò mí lórí ẹní nínú aṣọ funfun. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn síbẹ̀ ná.

Iléèwé aláwọ̀ funfun dé bá ìlú tó ti mọ ẹ̀kọ́, ìfura ni àwọn bàbá wa sì fi gbà á. Ọ̀dọ̀ àwọn ìjọ ọmọlẹ́yìn Jésù ni iléèwé wà, bí ọmọ bá sì lọ síbẹ̀ bíi Ràfíù, ó lè padà wálé bíi Raphael. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí bíi Ansar-ud-Deen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1923, àti Nawair-ud-Deen, tó bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1939, fi kọ́ iléèwé tiwọn káàkiri. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìfura náà ti rọ̀ díẹ̀. Lọ́dún 1954, àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà lé ní 400,000. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n ti lé ní 800,000. Àbúrò bàbá mi kan wà nínú wọn. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé abẹ́ igi ni kíláàsì wọn, àti pé tíṣà wọn kò ju ẹ̀gbọ́n wọn lọ lọ́jọ́ orí.

Kò sí ẹni tó ronú jinlẹ̀ tó lórí ọjọ́ tí wọn yóò jáde. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi kà á, ìparí ọdún 1960 ni gbogbo wọn sì já sí ìgboro lẹ́ẹ̀kan náà, ọdún òmìnira gan-an. Ṣáájú ìgbà náà, ìwé mẹ́fà ń sọ èèyàn di akọ̀wé. Ẹni tó bá ní i lè ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, ọkọ̀ ojú irin náà sì ń dúró ní Ẹdẹ kó tó dé Òṣogbo. Ní 1960, ìwé mẹ́fà ti pọ̀ bí ewé. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀síwájú ní láti lọ sí girama, tàbí sí iléèwé Modern ọlọ́dún mẹ́ta, owó sì ni méjèèjì ń gbà. Àwọn tí kò rí owó, tàbí tí owó wọn tán láàárín ọ̀nà, ni ìwé ìròyìn ayé ìgbà náà sọ di ìṣòro. Àwọn ni wọ́n kọ́ iṣẹ́ awakọ̀, fótò, kápẹ́ńtà àti télọ̀. Àbúrò bàbá mi kọ́ fótò.

Ibi yìí ni wọ́n ti máa ń fi àwọn ará Òṣogbo tù wá nínú. Ulli Beier, òyìnbó Jámánì tó gbé ní Ẹdẹ níhìn-ín kó tó kọjá sí Ìlobùú àti Òṣogbo, bá Dúró Ládiípọ̀ dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo lọ́dún 1962. Àwọn ọ̀dọ́ tí púpọ̀ nínú wọn kò kàwé jìnnà ló kó jọ síbẹ̀. Jímọ̀h Bùráímọ̀h ń bójú tó iná ìtàgé fún ẹgbẹ́ òṣèré Ládiípọ̀. Twins Seven-Seven, ijó ló jó wọlé lọ́dún 1964. Iṣẹ́ ọnà wọn dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun. Inú mi dùn sí wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ ìtàn yìí tán ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo máa ń béèrè pé àwọn mélòó ni wọ́n? Àwọn yòókù tí wọ́n jọ kúrò ní kíláàsì ńkọ́? Ìtàn ẹni tí kìnnìún kò pa jẹ kì í jẹ́ kí a ka iye àwọn tó wọ igbó.

Tèmi kò ní ijó nínú. Awakọ̀ akẹ́rù ni bàbá mi. Lọ́dún 1977 ọkọ̀ wọn ṣubú, ẹsẹ̀ wọn kan ṣẹ́, wọn kò sì lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́ fún bí ọdún méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní kíláàsì karùn-ún, èmi wà ní kẹta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n ka orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè lórí ìlà. Mo gbé báàgì mi, mo rìn lọ sílé. Kì í ṣe èmi nìkan. Àwa mọ́kànlá ni, a sì ń ṣe ẹ̀fẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mẹ́fà ti padà. Owó tó wà nílé wa ni a fi san owó ìdánwò WAEC ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá mi kò sọ pé obìnrin ni mí. Wọ́n sọ pé òun ló sún mọ́ ìparí jù. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, nínú àwọn ilé tí mo mọ̀ nígbà náà, ó ṣòro kí ìparí tó sún mọ́ obìnrin.

Ṣé ẹ mọ ohun tó dùn mí jù? Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1979, ìjọba Bọ́lá Ìgè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ẹdẹ wà nínú rẹ̀ nígbà náà, sọ iléèwé girama di ọ̀fẹ́. Ọdún kan péré ló fi pẹ́ fún mi.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi aránṣọ ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà bá mi. Ìyá mi ti mú mi lọ pẹ̀lú obì àti páálí mínírà kan, wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé pé ọdún mẹ́ta ni n ó fi kọ́ṣẹ́, wọ́n ti san owó ìwọṣẹ́. Ẹlẹ́sẹ̀ ni ẹ̀rọ ọ̀gá mi, Singer ni, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ọkọ lọ. Wọn kò kàwé. Orí ni wọ́n fi ń mọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà, bí orí bá sì kún, aṣọ Ìyá Alákàrà á di ti Ìyá Ẹlẹ́pa. Oṣù kejì tí mo dé ni wọ́n gbé ìwé kan lé mi lọ́wọ́: "Ìwọ tó ti jókòó sí girama, máa kọ ọ́ sílẹ̀." Ibi tí kíláàsì mẹ́ta mi lọ nìyẹn. Mo kọ àyà, mo kọ ìbàdí, mo kọ gígùn apá. Mo ṣírò iye yáàdì tí yóò tó agbo ọmọ méje, tí kò fi ní ṣẹ́kù, tí kò sì ní dín. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìdajì ẹ̀kọ́ kò wúlò, kó wá wo ìwé ìwọ̀n yẹn. Mo ṣì ní i.

Bí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣe dé ni ṣọ́ọ̀bù kún. Iléèwé tuntun ń hù káàkiri, àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lá girama lálàá rí ń wá wọn aṣọ. A ń rán an mọ́jú pẹ̀lú àtùpà. Àwọn tí a jọ rìn lọ sílé ní ọjọ́ Ajé yẹn, méjì nínú wọn padà lọ. Mo wọn aṣọ fún ọ̀kan. Ó bi mí pé, "Ìwọ kò ní bọ̀ ni?" Mo ní n ó wá. N kò lọ. Owó ìwọṣẹ́ tí ìyá mi san kò ṣeé gbà padà. Bàbá mi ṣì ń fi ọ̀pá rìn, kọ́bọ̀ tí oníbàárà ń fi sí mi lọ́wọ́ sì ń ra elùbọ́ sílé. Ìtìjú wà ńbẹ̀ pẹ̀lú, pé kí n lọ jókòó lẹ́yìn àwọn tí mo ṣáájú. Àwọn tó ń ṣòfin rò pé owó iléèwé nìkan ni ilẹ̀kùn. Tí o bá ti jáde fún ọdún kan, ayé á ti to àga àti tábìlì dí ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn rẹ.

Mo ṣe fírídọ́ọ̀mù ní 1981. Ẹni tí kò bá ti rí i rí, kó lọ wò ó. Mo kúnlẹ̀, ọ̀gá mi gbé àlùmọ́gàjí àti tépù lé mi lọ́wọ́, wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ aránṣọ jókòó sí tábìlì bí àwọn olùdánwò. Àbúrò bàbá mi ló ya fótò. Ìwé ẹ̀rí kan wà tí wọ́n tẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú òdòdó ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ yìí ti kọ́ṣẹ́ yanjú, ó sì ti gba òmìnira. Nítorí pé èmi ni mo mọ̀wé jù nínú wa, èmi ni wọ́n ní kí n kọ orúkọ sí i. Bí mo ṣe kọ ìwé ẹ̀rí ara mi nìyẹn, ọ̀gá mi sì tẹ̀ka sí i.

Ayẹyẹ yìí kì í ṣe ti Ẹdẹ nìkan, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló ń ṣe é. Mo rò pé àwọn tí iléèwé yọ sílẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ di nǹkan ńlá báyìí. Iṣẹ́ ìdílé kì í gba ìwé ẹ̀rí. Ọmọ Àyàn kì í gba ìwé kí ó tó lu dùndún. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tó jọba láti 1946 títí di 1975, ọdún tí mo wọ girama, lù ú débi pé òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ apòògùn ló ń ṣe kó tó jọba. Ìlù wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n télọ̀, mẹkáníìkì àti aṣerunlóge kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àwa tí a kò rí ìwé gbà níbì kan la tẹ ìwé tiwa, a fi dígí bò ó, a sì gbé e kọ́ ara ògiri.

Ìwé náà ń ṣiṣẹ́, títí dé ẹnu ibodè ọjà. Lọ́dún 1991 wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba sì wá sí Abẹ́ẹ̀rẹ̀, nítòsí wa. Lọ́dún 1992 Fẹ́dẹ́rà Pọ̀lì dé Ẹdẹ. Iṣẹ́ tí a kò rí rí dé ẹnu ọ̀nà wa, gbogbo rẹ̀ sì ń béèrè ìwé. Iléèwé kan, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìránṣọ. Mo ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ mẹ́sàn-án yanjú nígbà náà. Èmi ni mo rán aṣọ tó wà lọ́rùn àwọn ọmọ iléèwé ọ̀hún. Mo yọ fírémù mi kúrò lára ògiri, mo fi ìró nù ún, mo gbé e lọ. Ọ̀gbẹ́ni tó wà níbẹ̀ kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn wò ó, ó sì bi mí pé, "Ìyá, WAEC yín dà?"

Nígbà tó yá, agbẹjọ́rò kan tí mo ń rán aṣọ fún ìyàwó rẹ̀ ka òfin ìpilẹ̀ ọdún 1999 fún mi. Ẹ̀ka 177 ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe gómìnà gbọ́dọ̀ ti kàwé dé ìwọ̀n ìwé ẹ̀rí girama tàbí ohun tó bá a dọ́gba. Ẹ̀ka 318 sì ṣàlàyé ohun tó bá a dọ́gba: ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè wọlé, bí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, tó gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ tó tó ọdún kan, tó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó lè kà á, tó lè kọ ọ́, títí tí yóò fi tẹ́ INEC lọ́rùn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó kù díẹ̀ kí òfin gbà mí láyè láti ṣe gómìnà, n kò sì lè kọ́ ọmọ ní ìránṣọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí gba gbogbo ìlú. Ìdìbò gómìnà ọdún 2018, tí ọmọ Ẹdẹ, Adémọ́lá Adélékè, fi ìbò díẹ̀ pàdánù, gbé ọ̀rọ̀ girama rẹ̀ dé ilé ẹjọ́. WAEC ní ó jókòó ṣe ìdánwò ní 1981. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, ilé ẹjọ́ kan ní Bwari, l'Abuja, ní kò tóótun láti díje. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn da ìdájọ́ náà nù. Lẹ́yìn náà ló lọ jókòó ní kíláàsì ní Atlanta, ní Amẹ́ríkà, tó gba dìgírì lọ́dún 2021 nígbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó sì wọlé ìbò lọ́dún 2022. Àwọn oníbàárà mi jà sí i lórí àga mi. Ọ̀rọ̀ òṣèlú kò kàn mí. Ohun tí mo rí ni àgbàlagbà tó tún gbé báàgì lọ sí iléèwé, bí mo ṣe gbé wàláà padà lọ bá Ààfáà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé orí ẹní tèmi wà ní ojúlé kẹta sí ilé wa, kò sì ná mi ju owó Àlàrùbá lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí. Láyé àtijọ́ ní Ẹdẹ, kò sẹ́ni tó ka dídúró lágbedeméjì ẹ̀kọ́ sí àbùkù, torí pé ẹ̀kọ́ a máa dúró de èèyàn. Ilé kéú dúró dè mí. Ọ̀gá mi gba ọmọ iṣẹ́ kan padà lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tó ti sá lọ sí Abidjan, wọ́n ní kó parí oṣù mẹ́sàn-án tó kù. Iléèwé nìkan ló ń to ọmọ nípa ọjọ́ orí, tó ń ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ẹni tó jáde, tí ìwé rẹ̀ sì wá di kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé yòókù.

Àwọn ọmọ òde òní kò fi bẹ́ẹ̀ jáde bíi tiwa. Láti ọdún 2004 ni òfin ti sọ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan. Lọ́dún 2013 ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pín Ọpọ́n Ìmọ̀, ẹ̀rọ ìkàwé alágbèéká, fún àwọn ọmọ girama, ọmọ-ọmọ mi gbé tirẹ̀ wá hàn mí. Wàláà oníná ni mo pè é. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tó ń wá bá mi báyìí, ó ti jókòó títí dé SS3, kò kàn ní kírẹ́díìtì márùn-ún ni. Ó jókòó parí, ìwé kò bá a jáde. Mo máa ń gbà wọ́n lórí àdéhùn kan: ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ jẹ́ ti lẹ́sìnnì GCE. Ẹni tó bá fi í jẹun tàbí sùn, n kò ní fọwọ́ lé e lórí lọ́jọ́ fírídọ́ọ̀mù. Ọmọ iṣẹ́ méjì ti bá mi jà kúrò nítorí rẹ̀.

Bí iléèwé bá fẹ́ wọlé, àwọn ìyá á tò sí ẹnu ọ̀nà mi pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Ẹ ṣẹ́ ẹ sókè dáadáa o, ìyá." Ínṣì mẹ́rin ni mo máa ń ṣẹ́ ẹ, mo sì máa ń lo òwú tó rọrùn láti tú. Bí ọmọ kan bá mú tirẹ̀ wá lọ́dún kejì pé kí n tú u, n kì í gba owó.